Ta Ló Ń Sùn Nínú Ilé Náà?

Àbúrò mi kan nínú régbérégbé wa, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ti Ìjẹ̀bú, fẹ́ lọ sí Istanbul fún ìgbà àkọ́kọ́. Léèsì tí ẹgbẹ́ máa wọ̀ jáde ní Ojúde Ọba ló fẹ́ lọ wò. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ọjà, nítorí inú ìsọ̀ aṣọ ní Òkè-Ajé ni ìyá ẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà. Ohun tó bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni kí n wọ̀ sí? Ṣé àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá táyé mọ̀ yẹn ni, àbí àwọn ilé àlejò kéékèèké tí ẹ̀yin máa ń lò?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì, èsì gùn. Mo tún fi ohùn ránṣẹ́, ohùn náà gùn. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, torí òun nìkan kọ́ ló máa ń bi mí.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ ni mo máa pe àwọn tí orúkọ kan náà wà lára wọn láti Dubai dé London dé New York, irú Hilton, Marriott, Holiday Inn. Ilé àlejò ni mo máa pe èyí tó ní yàrá mẹ́fà, mẹ́wàá, bóyá ogún, tó jẹ́ ti ẹnì kan tàbí ti ìdílé kan.

Bí ilé ṣe tóbi tó kọ́ ni mo fi ń yàn. Iye owó náà kọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú ni mí, mo sì mọ owó í kà. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló ń sùn nínú ilé náà lóru? Bó bá jẹ́ onílé fúnra ẹ̀, tàbí ìyàwó ẹ̀, tàbí ọmọ ẹ̀ tó lè pàṣẹ, ilé àlejò ni mo máa wọ̀, kódà bí yàrá ò bá fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Bí onílé ò bá sí níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ ni mò ń lọ, kódà kó wọ́n jù ú lọ. Bí nǹkan bá dojú rú mọ́ àlejò lọ́wọ́ ní ìlú onílùú, ohun méjì ló lè gbà á: òfin tó ti wà nílẹ̀, tàbí èèyàn tó láṣẹ. Òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ ní òfin. Ilé àlejò tó dáa ní èèyàn. Ibi tí kò ti sí ọ̀kankan nínú méjèèjì ni kí ẹ sá fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn alórúkọ ní ẹ̀tọ́ wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kemmons Wilson, ará Memphis ní Amẹ́ríkà, ló dá Holiday Inn sílẹ̀ ní 1952. Ọdún tó ṣáájú ló kó ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn márààrún sínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ sí Washington. Ibi tí wọ́n bá yà sí lójú ọ̀nà láti sùn, wọ́n á gba owó orí ọmọ kọ̀ọ̀kan lé owó yàrá. Ibì kan mọ́, ibòmíì dọ̀tí, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ kó tó sanwó. Inú bí i. Ó ní òun máa kọ́ ilé tí ọmọ ò ní sanwó nínú ẹ̀, tí yàrá á sì rí bákan náà níbikíbi tí orúkọ òun bá wà. Ohun tí gbogbo wọn ń tà títí dòní nìyẹn. Ibùsùn tí ẹ bá ní ìlú kan lẹ máa bá ní ìlú kejì, omi gbígbóná á ṣe, ẹnì kan á sì wà nídìí káńtà bí ẹ bá dé lóru.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í sábà jẹ́ orúkọ onílé. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tó ń jẹ́ Hilton, Marriott tàbí Holiday Inn, díẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà ní fúnra wọn. Olówó kan nílùú yẹn ló kọ́ ilé, ó ń sanwó orúkọ, ó sì ń tẹ̀ lé ìwé òfin tí wọ́n fún un, láti orí bí ìrọ̀rí ṣe gbọ́dọ̀ rí títí dórí ohun tí òṣìṣẹ́ á sọ bí tẹlifóònù bá dún. Ọmọ tí ẹ bá nídìí káńtà kò lè yí òfin yẹn padà fún yín, ọ̀gá ẹ̀ náà kò sì lè yí i. Bí ohun tí ẹ fẹ́ bá wà nínú ìwé, kíákíá lẹ máa rí i gbà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ àti "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" lẹ máa gbà.

Àwọn ibi kan wà tí ìwé òfin yẹn ti wúlò fún mi gan-an. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ físà. Ẹni tó bá fẹ́ gba físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, gbọ́dọ̀ fi ìwé ibi tó máa sùn hàn, pẹ̀lú ìwé adójútòfò ìrìnàjò tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ á fún yín ní ìwé tó ní orúkọ yín, ọjọ́ tí ẹ máa dé, ọjọ́ tí ẹ máa lọ, gbogbo ẹ̀ gún régé. Àwọn onílé àlejò kan á kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "ẹ máa bọ̀, yàrá wà", ẹni tó wà ní ẹ́ńbásì ò sì lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan.

Ìkejì ni Ṣáínà. Òfin wọn ni pé kí àlejò láti ìlú òkèèrè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24 tó bá dé. Bí ẹ bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ló máa bá yín ṣe é nígbà tí wọ́n bá ya pásípọ́ọ̀tù yín. Bí ẹ bá sùn sílé èèyàn, ẹ̀yin lẹ máa gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan níbẹ̀ ń dá àlejò padà, wọ́n á ní àwọn ò ní àṣẹ láti gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ṣáínà. Ní 2024 ìjọba wọn ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá ń lọ sí Guangzhou, bóyá ọjà aṣọ Zhongda ni tàbí ìsọ̀ àwọn èèyàn wa ní Xiaobei, mi ò kì í wá ilé kékeré. Mo fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ yẹn lójoojúmọ́ láìbi mí ní ìbéèrè kan.

Ìkẹta, bí mo bá mú àgbàlagbà dání. Nígbà tí a lọ síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní London, ìyá mi bá wa lọ. Orúnkún wọn ń dùn wọ́n. Àwọn ilé àlejò tó wà lágbègbè King's Cross àti Paddington, ilé ayé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, àtẹ̀gùn ẹ̀ dúró gbọnrangandan, púpọ̀ nínú wọn ò sì ní lífítì. Yàrá tó bá kù sílẹ̀ fún àlejò tó pẹ́ kó tó sanwó, òkè téńté ló máa ń wà. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. A wọ òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ, lífítì gbé ìyá mi lọ gbé wọn bọ̀, ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ò yọ̀, wọ́n sì ráyè sùn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìdí káńtà béèrè orúkọ ìyá mi àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá, ojú ìyá mi yí padà, wọ́n rò pé òṣìṣẹ́ náà ń fura sí àwọn ni. Mo ṣàlàyé fún wọn pé òfin Ìlú Ọba ni, láti 1972, pé ilé tó bá ń gba àlejò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti orílẹ̀-èdè àlejò sílẹ̀. Ilé kékeré náà gbọ́dọ̀ béèrè. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú.

London yìí kan náà ni mo ti rí irú ilé tí mò ń sọ pé kí ẹ sá fún. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé àlejò ni wọ́n pè é. Òdòdó wà lójú fèrèsé nínú fọ́tò, wọ́n sì kọ ọ́ pé ìdílé ló ni ín. Mo dé ibẹ̀ lóru, òjò ń rọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé náà tó jẹ́ onílé tàbí aṣojú onílé. Àpótí kékeré onínọ́ńbà ni wọ́n so mọ́ irin ẹnu ọ̀nà, inú ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, wọ́n sì ti fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo tún un tẹ̀, mo nu omi òjò kúrò lójú ẹ̀, mo tún un tẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi, ẹ̀rọ ló ń dáhùn, ó ní kí n fi ohùn sílẹ̀. Àlejò kan yọjú lókè, ó ní òun náà ò mọ ẹni tó nilé. Mo wọ́ báàgì mi gba òpópónà kọjá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ kan tí mo rí iná ẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà kò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó yẹ pásípọ́ọ̀tù wò, ó gba owó, ó fún mi ní káàdì yàrá, ó ní kẹ́túlù àti tíì wà lókè. Inú mi dùn sí òfin lóru ọjọ́ yẹn.

Irú ilé tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀ yìí ti pọ̀ gan-an báyìí. Ẹnì kan á ní yàrá ogún káàkiri ìlú, kò ní sùn nínú ọ̀kankan, á máa fi fóònù darí gbogbo ẹ̀. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò ní ojú, kò fi ríran, àwọn àgbà wa ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ríran nílò ẹni tó máa mú un lọ́wọ́, àpótí kọ́kọ́rọ́ ò sì lè mú ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ó wá kan ohun tó mú kí n fẹ́ràn ilé kékeré. Laleli ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù.

Àdúgbò àwọn olówò aṣọ ni Laleli, ní ìhà Istanbul tó wà ní Yúróòpù. Ìsọ̀ lórí ìsọ̀ ni, àkọlé èdè Rọ́ṣíà kún ibẹ̀, àwọn obìnrin láti Algiers, láti Tashkent, láti Èkó, gbogbo wọn ń wọ́ ẹrù. Ilé àlejò tí mo ń sọ yìí wà lẹ́yìn títì tí tíráàmù ń gbà, téèyàn bá sọ̀ ní Laleli-Üniversite, ẹsẹ̀ ló kù. Bàbá onílé àti ìyàwó ẹ̀ ló ń gbé ìsàlẹ̀. Yàrá wọn kọjú sí ilẹ̀kùn àbáwọlé, bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn ní agogo méjì òru, iná wọn á tàn kí ẹ tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí lífítì. Bí gbogbo èèyàn bá jọ ń wẹ̀ láàárọ̀, omi gbígbóná á tán. Ògiri ò nípọn, mo máa ń gbọ́ bí ẹni tó wà nítòsí mi ṣe ń ka owó tó ná lọ́jọ́ náà fún ọkọ ẹ̀ lórí fóònù. Mo mọ gbogbo àléébù yìí, mo sì ń padà síbẹ̀.

Ìdí ẹ̀ ni ẹrù. Òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ kì í gbà kí ẹ to dì aṣọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí ẹni tó wá ṣe fàájì ò gbọ́dọ̀ fi dì léèsì kọsẹ̀. Ní ilé bàbá yìí, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, dì aṣọ ni. Oníkálukú ti fi bírò dúdú kọ orúkọ ẹ̀ sára ọ̀rá, bàbá sì mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ìsọ̀ bá gbé ọjà wá nígbà tí mo ti jáde, òun ló máa gbà á, á ka iye ẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó wà lábẹ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá kó ẹrù mi fún kágò. Ọmọkùnrin tó wá fi ìwọ̀n ọwọ́ tó ní ìkọ́ gbé dì àkọ́kọ́ sókè, ó ní kílò 46. Ó ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá onílé wà lórí àga ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ife tíì kékeré tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó gbé ìwọ̀n pẹlẹbẹ téèyàn ń gùn jáde, ó fi aṣọ nu ojú ẹ̀, ó kọ́kọ́ gùn ún fúnra ẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó wá fọwọ́ júwe fún ọmọkùnrin náà pé kó gbé dì yẹn lé e. 41. Ó fi ìka kan nọ́ńbà náà. Ó ní kó gbé e kúrò, kó tún un gbé lé e. 41. Ó jókòó padà, ó gbé ife tíì ẹ̀, ó sì ń wo ọmọkùnrin náà títí ó fi wọn gbogbo ẹ̀ tán lórí ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí kílò márùn-ún lórí dì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fi dọ́là san owó kágò, á mọ ohun tí bàbá yẹn ṣe fún mi. Kò sí ìwé òfin òtẹ́ẹ̀lì kankan tí wọ́n kọ irú ẹ̀ sí.

Ìyàwó ẹ̀ náà ò yàtọ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa olómi tí wọ́n máa ń fún ọsàn kíkan sí ni wọ́n ń sè lálẹ́, wọ́n á sì bu tèmi wá. Mo máa ń mú ata gbígbẹ àti gààrí Ìjẹ̀bú dání láti ilé. Lẹ́yìn tí mo bu ata díẹ̀ fún wọn, wọ́n ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé pé ṣé mo mú òmíràn bọ̀.

Kì í ṣe Tọ́kì nìkan. Ní Ọ́stríà, àwa tó ń ta léèsì ní ìdí láti lọ sí Lustenau, ìlú kan ní Vorarlberg lẹ́bàá odò Rhine, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ré afárá kọjá, Switzerland lẹ wà. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe léèsì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà níbẹ̀. Èyí tí àwọn ìyá wa fi ṣe ìgbéyàwó, tó ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí lọ́pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló ti agbègbè yẹn wá. Ní 2010, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna tiẹ̀ ṣe àfihàn ńlá lórí léèsì yìí, wọ́n sì gbé e wá sí Èkó lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ilé àlejò ìdílé kan ni mo wọ̀ sí lẹ́bàá ibẹ̀. Màmá onílé ti dàgbà, kò sì gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lọ. Ní alẹ́ Sátidé ó wá kan ilẹ̀kùn mi láti sọ fún mi pé ọ̀la Sọ́ńdè, gbogbo ìsọ̀ ló máa tì, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó rí ègé léèsì tí mo gbé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, ó dúró, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì fi ọwọ́ kan etí ẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Bàbá tó bí i lọ́mọ ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ní nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ẹ̀rọ ńlá náà nínú ilé kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń gbé, ẹ̀rọ tó gùn tó yáàdì mẹ́wàá, ìyá, bàbá àti ọmọ ló jọ ń ṣọ́ ọ, kí òwú má já. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó mú mi lọ sílé aládùúgbò ẹ̀ kan tó tọ́jú àwọn ègé tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn oníbàárà Nàìjíríà látijọ́, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, ó kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó ti ìwé yẹn títí oòrùn fi rọlẹ̀. Mo rí àwọ̀ òféfèé kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí mo bá mú un wá sílé lónìí, àwọn ìyá àgbà á dìde dúró. Bó bá jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ ni mo wọ̀ sí, ǹ bá ti sun Sọ́ńdè yẹn tán.

Ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má wo iye tó wà lókè lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń gba owó orí àlejò, ó sì lè má sí nínú iye tí ẹ rí. Tọ́kì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2023. Dubai ń gba dírámù 7 sí 20 lórí yàrá kan lálẹ́ kan láti 2014, bí ìràwọ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà bá ṣe pọ̀ tó. Ní Amsterdam, ó ti di ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá láti 2024. Lọ́pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ, owó ọ̀tọ̀ ni oúnjẹ àárọ̀. Nílé kékeré, ó sábà máa ń wà nínú owó yàrá.

Èyí tó ń dun ọmọ Nàìjíríà jù ni ti káàdì. Bí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ, wọ́n sábà máa ń di owó kan mú lórí káàdì yín, yàtọ̀ sí owó yàrá, bóyá ẹ máa ba nǹkan jẹ́ tàbí ẹ máa mu nǹkan nínú fíríìjì. Wọn ò gba owó náà o, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè ná an, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ kúrò kí báńkì tó tú u sílẹ̀. Ẹ rántí 2022, nígbà tí àwọn báńkì kan gé ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun sí 20 dọ́là lóṣù, tí òmíràn sì dá a dúró pátápátá. Àwọn tó wà lọ́nà nígbà yẹn mọ ohun tí ojú wọn rí. Nílé àlejò, mo ka owó sọ́wọ́ onílé, mo gba risíìtì, ó parí. Bí ẹ bá máa lo òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ, ẹ mú káàdì dọ́là tí owó tó kọjá owó yàrá wà lórí ẹ̀, ẹ sì béèrè iye tí wọ́n máa dì mú kí ẹ tó fún wọn ní káàdì.

Àwọn kan á ní ti póìǹtì ńkọ́, èyí tí òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ ń fún oníbàárà kó lè sùn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ó dáa fún ẹni tí ọ́fíìsì ń sanwó fún. Fún oníṣòwò tó ń fi owó ara ẹ̀ rìn, mi ò rò pé ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ yan ibi tó máa sùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà gan-an ni kí ẹ ti gba yàrá, torí bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ alágbàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kì í sábà rí póìǹtì gbà.

Alágbàtà yìí kan náà ló mú kí ilé kékeré wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onílé máa ń tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́, mo máa ń gba ọ̀dọ̀ wọn, kí n lè rí ohun tí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ sọ. Bí ilé bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa ń gba nọ́ńbà onílé kí n tó kúrò, ìgbà kejì a ti ń bára wa sọ̀rọ̀, a sì jọ pín owó alágbàtà yẹn.

Kí n tó sanwó ilé kékeré kankan, mo máa ń kọ̀wé sí wọn. Ta ló ń sùn níbẹ̀ lóru? Àjà kelòó ni yàrá mi, ṣé lífítì wà? Ṣé ilẹ̀kùn yàrá ní ìdè láti inú? Obìnrin tó ń dá rìn gbọ́dọ̀ béèrè ìyẹn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí mo bá kó ẹrù bọ̀, ṣé àyè wà? Mi ò wo ìdáhùn nìkan, mo máa ń wo ẹni tó dáhùn. Onílé tó ń gbé ilé ẹ̀ á kọ ọ́ pé "èmi àti ìyàwó mi wà nísàlẹ̀, ẹ pè wá bí ẹ bá dé". Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ á fi ìwé gígùn kan tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo ohun tí ẹ ò béèrè ló máa wà níbẹ̀ àfi èyí tí ẹ béèrè. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya pásípọ́ọ̀tù yín, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́jú. Ẹ sì wo ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, pàápàá nínú àwọn ilé tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Bàbá Laleli ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ara ò le mọ́, àtẹ̀gùn ti ń da wọ́n láàmú, òun àti ìyàwó ẹ̀ ti padà sí abúlé wọn. Ọmọ wọn ọkùnrin ló gba ilé náà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ti kun ilé, ó ti pààrọ̀ ẹ̀rọ omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n òdìkejì omi tó pín Istanbul sí méjì ni òun àti ìdílé ẹ̀ ń gbé, àpótí onínọ́ńbà ló sì kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó bi mí bóyá mò ń bọ̀ kí Iléyá tó dé. Mo ní mo máa yà wá kí i. Alẹ́ mẹ́ta ni mo ti sanwó ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì alórúkọ kan ní Aksaray, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni mo fi máa rìn dé Laleli. Mo sì ti kọ̀wé sí ilé méjì míì ládùúgbò náà. Ọ̀kan ti fi ìwé gígùn ránṣẹ́. Èkejì kò tíì dáhùn.